Ìsun Omi Gbígbóná Polques ní Bolivia: Omi Náà Dára, Ọ̀nà Tí Wọ́n Gbé Wa Gbà Ni Kò Dára

Oṣù Kẹjọ ni mo lọ sí Polques, ìsun omi gbígbóná tí ó wà létí pápá iyọ̀ Chalviri ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Bolivia. Ìrìnàjò ọlọ́jọ́ mẹ́ta ni mo san owó rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ kan ní San Pedro de Atacama, ní Chile: àwa mẹ́fà àti awakọ̀ nínú jíìpù kan, tí a ó la ọgbà ìpamọ́ Eduardo Avaroa kọjá dé ìlú Uyuni. Omi náà tẹ́ mi lọ́rùn ju bí mo ti rò lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe gbé wa débẹ̀ ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

San Pedro fi nǹkan bí 2,400 mítà ga ju òkun lọ. Polques fi nǹkan bí 4,400 mítà ga ju òkun lọ. Òwúrọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi gbé wa gun gbogbo ìyẹn, bẹ́ẹ̀ oorun alẹ́ kan péré ni mo tíì sùn ní San Pedro. Afẹ́fẹ́ òkè yẹn fẹ́lẹ́ débi pé ọ́síjìn tí ènìyàn ń rí mí sínú kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ti etí òkun. Kí a tó dé adágún Laguna Verde, lẹ́sẹ̀ òkè Licancabur, ọ̀rá bisikíìtì inú báàgì mi ti wú bí ìrọ̀rí, orí sì ti ń fọ́ mi. Awakọ̀ fún mi ní ewé koka kí n há a sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí àwọn ará ibẹ̀ ti ń ṣe, ara sì tù mí díẹ̀.

Adágún omi gbígbóná ti Polques kò tóbi. Òkúta ni wọ́n fi mọ etí rẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ sì wà nísàlẹ̀ tí ń gún àtẹ́lẹsẹ̀. Ooru abẹ́ ilẹ̀ àwọn òkè ayọnáyèéfín ni ó ń se omi náà, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi tí ìyá àgbà fi ń wẹ ọmọ tuntun. Mo rì sínú rẹ̀ dé ọrùn, atẹ́gùn tútù ń gé mi létí, ooru omi ń rú níwájú mi, mo sì ń wo àwọn ẹyẹ flamingo tí ń rọra gbé ẹsẹ̀ nínú omi iyọ̀ lókèèrè. Mo mọ Ìkògòsì, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n igbó ni ó yí tiwa ká. Níbí, kò sí igi kan ṣoṣo títí tí ojú fi lè ríran dé.

Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé kí a má pẹ́ nínú omi. Nígbà tí mo dìde lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, òòyì kọ́ mi, mo sì di ejìká ẹnìkejì mi mú. Omi gbígbóná a máa jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a sì wálẹ̀ sí ẹsẹ̀. Ibi gíga tún wá fi tirẹ̀ kún un. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni wọ́n tún gbé wa gòkè dé Sol de Mañana, ní nǹkan bí 4,850 mítà, níbi tí ẹrẹ̀ ti ń hó tí imí-ọjọ́ sì ń rùn. Mi ò lè sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Lálẹ́, lẹ́bàá adágún Laguna Colorada, kò sí àpò ìsùn tí wọ́n ti gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Awakọ̀ kò ṣẹ̀ wá. Aṣọ ìbora tirẹ̀ gan-an ni ó fún mi.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ jọ̀wọ́, Uyuni ni kí ẹ ti gbéra. Ó tó nǹkan bí 3,650 mítà, òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta ni àwọn tó ti ibẹ̀ wá sì máa ń dé Polques, lẹ́yìn tí ara wọn ti sun oorun òkè lẹ́ẹ̀mejì. Òtútù ìdájí yóò mú yín, èrò yóò sì pọ̀, ṣùgbọ́n ó sàn ju èébì lọ. Ẹni tí kò bá lè ṣe é bẹ́ẹ̀, kí ó sùn ní San Pedro ní alẹ́ mẹ́ta, kí ó máa lọ kí ó máa bọ̀ sí ìsun omi gbígbóná Puritama àti pápá omi híhó El Tatio kí ara lè mọ́ òkè. Ẹ mú owó bolivianos lọ́wọ́, nítorí owó ọgbà àti owó adágún kò sí nínú owó ìrìnàjò, kò sì sí báńkì lójú ọ̀nà. Físà Chile àti ti Bolivia ni ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà yóò gbà bí ó bá gba Chile wọlé, pẹ̀lú káàdì àjẹsára ibà pọ́njú.

Mo fún omi náà ní ìràwọ̀ márùn-ún, mo fún ilé-iṣẹ́ náà ní méjì. Nígbà tí mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n dá owó àpò ìsùn padà. Nípa ọ̀nà tí wọ́n ń gbé ènìyàn gbà, wọn kò dá mi lóhùn.