FSS ti American Kennel Club: iṣẹ́ gidi ni, àmọ́ ẹ ní sùúrù

Mo gbóríyìn fún ìwé FSS (Foundation Stock Service) tí American Kennel Club, àjọ tó ń forúkọ ajá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ń kọ orúkọ ẹ̀yà ajá tí kò wọ́pọ̀ sí. Kí ẹ̀yà kan tó bọ́ sí Miscellaneous, ìpele tó ṣáájú ìtẹ́wọ́gbà kíkún, ó kéré tán, ajá 150 gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀ ìran mẹ́ta. Òbí 2, òbí àgbà 4, àwọn tó bí wọn 8: orúkọ 14 lórí ìwé ajá kan ṣoṣo, ẹ̀yà kan náà sì ni gbogbo wọn. Bí ẹyọ kan bá ṣófo, wàhálà dé. Ẹ tètè kọ orúkọ àwọn ọmọ ajá kí ẹ tó tà wọ́n, torí ẹni tó rà á kì í sábà rántí.

Ìtẹ́wọ́gbà kíkún ló le jù: ajá 300 sí 400, ẹgbẹ́ tó ní ìdílé 100 káàkiri ìpínlẹ̀ 20. Ẹgbẹ́ tó kóra jọ sójú kan kò ní yege. Azawakh, ajá ọdẹ ilẹ̀ Mali àti Niger, wọ Miscellaneous ní 2011. Ó di 2019 kó tó gba ìtẹ́wọ́gbà.

Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n lè tètè ti ìwé ẹ̀yà kan pa, kí wọ́n má gba ajá tuntun láti ìta mọ́. Ajá díẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ Basenji, ẹ̀yà ajá ọdẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Fanconi, àrùn kíndìnrín tí ọmọ ń jogún lára òbí, gbilẹ̀ láàárín wọn, ni wọ́n bá tún ìwé ṣí fún ajá láti Áfíríkà ní 1990.