Ìwé gbèsè Màmá àti atọ́ka inú DynamoDB

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni Màmá tí mo ń bá ṣiṣẹ́ pè mí. Gàrí, èlùbọ́ àti ẹ̀wà ni wọ́n ń tà ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, èmi ni mo kọ áàpù tí àwọn oníbàárà wọn fi ń ra ọjà láti ilé. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹrù mélòó ni kò tíì dé ọwọ́ ẹni tó ni ín?" Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún." Ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn di ọ̀sẹ̀ méjì. Tábìlì tí mo ṣe kò lè dáhùn ìbéèrè kékeré yẹn, àfi kó ka gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ láti òkè délẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá tíì lo DynamoDB rí, dátábéèsì Amazon ni, ó ti wà láti 2012. Kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń fi SQL, èdè tí wọ́n fi ń bi dátábéèsì léèrè, bi ní ohun tó bá ṣáà ti wá sí i lọ́kàn. Ọjọ́ tí o bá ń ṣe tábìlì lo ti máa sọ ohun tí wàá máa fi wá nǹkan: partition key, èyí tó ń sọ abẹ́ ibi tí wọ́n máa kó nǹkan pọ̀ sí, àti sort key bí o bá fẹ́, èyí tó ń tò wọ́n níbẹ̀. Nínú tèmi, nọ́ńbà oníbàárà ni partition key, ọjọ́ àti aago tó ra ọjà ni sort key. Bí mo bá ní kí n wo ohun tí oníbàárà kan rà lóṣù tó kọjá, wéré ni èsì ti dé. Bí ìbéèrè ò bá ti gba ọ̀dọ̀ oníbàárà kọjá, Scan, ìyẹn kíka gbogbo tábìlì, ló kù, gbogbo ohun tí Scan bá sì kà ló ń gbowó lé, ì báà rí ohun tí ò ń wá, ì báà má rí i. Mo kọ́kọ́ rò pé filter, ìyẹn asẹ́ tó ń ṣa èsì, máa gbà mí. Irọ́ ni. Ìgbà tí wọ́n bá kà á tán, tí wọ́n ti ṣírò owó rẹ̀, ni filter ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣa èyí tí o ò fẹ́ sọ nù.

Atọ́ka kejì, ìyẹn secondary index, ni oògùn rẹ̀: ẹ̀dà ohun inú tábìlì ni, tí wọ́n fi key mìíràn tò. Oríṣi méjì ló wà, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí tí mi ò fẹ́ràn kí n kúrò níbẹ̀. Local secondary index ń bá tábìlì lo partition key kan náà, sort key nìkan ló yàtọ̀. Ìgbà tí o bá ń dá tábìlì sílẹ̀ gan-an lo gbọ́dọ̀ ṣe é. Bó bá di ọ̀la, ó ti bọ́. O ò lè yọ ọ́ láìpa tábìlì rẹ́. Márùn-ún péré ni wọ́n gbà ọ́ láàyè, ohun tó bá sì wà lábẹ́ partition key kan kò gbọdọ̀ ju 10 GB lọ. Àwọn kan ń lò ó, torí ó lè fún èèyàn ní èsì tó bá tábìlì dọ́gba ní ìṣẹ́jú náà gan-an. Èmi ò ní lò ó.

Global secondary index ni tèmi. O lè so ó mọ́ tábìlì tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, 20 ni o sì lè ní kí o tó tọrọ sí i. Mo wọ Console, ojú ìwé tí wọ́n ti ń ṣàkóso rẹ̀, mo lọ sí Indexes, mo tẹ Create index, mo kọ orúkọ key méjèèjì, ó tán. Áàpù kò dúró, Màmá ò tilẹ̀ mọ̀ pé mò ń ṣe nǹkan kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wọlé ṣá o. Bí wọ́n bá ń kọ́ ọ̀kan lọ́wọ́, èkejì á dúró dè é.

Èmi ni mo bà á jẹ́. Mo fi "ipò" ṣe partition key: "ó ti dé" tàbí "kò tíì dé". Níbi tí wọ́n ti bi mí ní ohun tí mo fẹ́ kó wọnú atọ́ka, mo mú ALL, torí ọ̀lẹ. ALL ni pé kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ kọ síbòmíràn, kí o sì máa sanwó ìpamọ́ ibi méjèèjì. Ẹrù tó ti dé láti ọdún tó kọjá, tí ẹnikẹ́ni ò ní bèèrè mọ́, wà níbẹ̀ gbọingbọin. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìgbà tí ipò ẹrù kan bá yí padà, wọ́n á pa ti àtijọ́ rẹ́ nínú atọ́ka, wọ́n á kọ tuntun: owó ìkọ̀wé méjì, yàtọ̀ sí ti tábìlì fúnra rẹ̀. Nígbà tí bílì oṣù yẹn dé, mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo lọ mu omi.

Ìwé gbèsè Màmá ló là mí lójú. Wọ́n ní ìwé kan tó ti gbó, orúkọ àwọn tó jẹ wọ́n lówó ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá san, wọ́n á fi bírò fa igi lé e. Ẹni tí kò jẹ gbèsè, kò sóhun tó kàn án nínú ìwé yẹn. Atọ́ka DynamoDB lè ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, nítorí ohun tí kò bá ní key atọ́ka lára kì í wọnú rẹ̀. Sparse index ni wọ́n ń pè é. Mo ṣe tuntun, mo pe key rẹ̀ ní "nbo", orúkọ àdúgbò ni mò ń kọ sí i: Agbowó, Mọ́kọ́là, Àpáta. Bí ọmọ dispatch bá ti tẹ̀ ẹ́ pé òun ti fi ẹrù jíṣẹ́, áàpù á yọ "nbo" kúrò lára ẹrù náà, ẹrù á sì jáde nínú atọ́ka. Ohun tó ń kù níbẹ̀ kì í sábà tó ogójì. Scan tí mò ń sá fún tẹ́lẹ̀, mò ń ṣe é lórí atọ́ka yìí bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi true àti false ṣe key náà o. Wọ́n kọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀, nọ́ńbà tàbí binary nìkan ni wọ́n ń gbà. Èyí tó tún gba oorun lójú mi ni pé àwọn ẹrù kan ò hàn nínú atọ́ka. Mo wá a títí. Àṣé láyé ìjọ́sí, nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, mo kọ ọjọ́ tó yẹ kí àwọn ẹrù kan dé, èyí tí mo fi ṣe sort key atọ́ka náà, bíi nọ́ńbà, mo kọ tàwọn yòókù bí ọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ wọnú atọ́ka, èyí tí irú rẹ̀ kò bá bá key mu, wọ́n á fò ó ni, wọn ò ní dúró pè ọ́.

Lẹ́ẹ̀kejì yìí mi ò mú ALL, INCLUDE, ìyẹn kìkì ohun tí mo bá dárúkọ, ni mo mú: àdírẹ́sì àti iye owó. Mo gbàgbé nọ́ńbà fóònù. Ohun tí o bá yàn níbí kò ṣeé yí padà, o ní láti pa atọ́ka rẹ́ kí o tún un ṣe. Mo pa á rẹ́.

Ohun kan ṣì wà tí ẹni tó bá ń ra agbára sílẹ̀, ìyẹn provisioned, gbọ́dọ̀ mọ̀. Agbára atọ́ka yàtọ̀ sí ti tábìlì. Mo fún tábìlì ní 20, mo fún atọ́ka ní 2, mo rò pé mò ń ṣọ́wó ná. Nígbà tí ọjà Kérésì dé, tábìlì fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọjà tuntun padà, torí atọ́ka ò lè bá a rìn mọ́. Láti ìgbà yẹn, on-demand, ìyẹn kí n máa san iye tí mo bá lò, ni mò ń lò.

Èsì atọ́ka sì máa ń pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn tábìlì. Ẹrù tó ti dé lè ṣì wà lójú Màmá fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀kan pé, "Ṣé kì í ṣe pé ọmọ yìí ń purọ́ fún mi?" Mo ní, "Rárá mà, ẹ tún un ṣí." Wọ́n tún un ṣí, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún global secondary index. Mo yọ ọ̀kan nítorí ohun tí kò ṣeé yí padà lẹ́yìn tí o bá ti tẹ̀ ẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá Màmá tún pè. Wọ́n fẹ́ mọ àwọn tí kò tíì ra nǹkan kan lọ́wọ́ wọn láti oṣù mẹ́ta. Mo tún bẹ̀ wọ́n fún ìṣẹ́jú márùn-ún.