Alẹ́ méjì ní Wells: ẹ má kàn yà fọ́tò kí ẹ sì máa lọ

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dé Wells, ní Somerset nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bọ́ọ̀sì àwọn tó ń kó èèyàn rìnrìn àjò ìgbafẹ́ ni mo bá dé ibẹ̀. Wákàtí kan péré ni wọ́n fún wa. Fọ́tò ni mo rí yà, mi ò rí ìlú. Ó dùn mí gan-an. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni mo mú màámi dání, a sì sun alẹ́ méjì níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń gbèrò àtilọ, ẹ sùn síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.

Ìlú kékeré ni, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ò ju bí 12,000 lọ. Ọkọ̀ ojú irin ò dé ibẹ̀ mọ́ láti àwọn ọdún 1960, torí náà bọ́ọ̀sì la wọ̀ láti Bristol. Téèyàn bá ti sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ ló máa fi rin gbogbo ẹ̀.

Nǹkan bí ọdún 1175 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Kàtídírà wọn. Ìwọ̀-oòrùn ni iwájú ẹ̀ kọjú sí, ère bíi 300 ló sì tò sára ògiri náà láti ìsàlẹ̀ dókè. Tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀ láàárọ̀, òkúta lásán lẹ máa rí. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ, nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Ògiri yẹn á pọ́n bí oyin, ojú àwọn ère á sì yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn oníbọ́ọ̀sì ti máa ń lọ nígbà yẹn.

Nínú lọ́hùn-ún, ẹ máa rí òkúta ńlá tí wọ́n mọ bí X. Nǹkan bí ọdún 1313 ni wọ́n kọ́ ilé ìṣọ́ àárín ga sí i, ó sì wúwo ju ohun tí ilẹ̀ lè gbé lọ. Ó ń fì, ògiri ń là. Láti 1338 ni ọ̀gá mọlémọlé kan, William Joy, ti fi àwọn òkúta yìí tì í, ó sì dúró di òní. Màámi wò ó títí, wọ́n ní, “Ẹni tó ti fi igi ti ògiri tó fẹ́ wó rí ló máa mọ iṣẹ́ tó wà níbí.”

Aago ibẹ̀ ló gbà mí lọ́kàn jù. Ojú ẹ̀ ti wà láti nǹkan bí 1390. Ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn ère ológun tó gẹṣin á máa lé ara wọn yípo lókè, wọ́n á sì gún ọ̀kan ṣubú. Ẹnì kan náà ló ń ṣubú láti ayébáyé! Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ère ọkùnrin kan jókòó, ó ń fi gìgísẹ̀ ta agogo. Ìgbà mẹ́ta la dúró wò ó.

Àtẹ̀gùn òkúta tó lọ sí yàrá ìpàdé àwọn àlùfáà lẹ́wà, àmọ́ ẹ ṣọ́ra. Ẹsẹ̀ èèyàn ti jẹ ẹ́ títí tó fi lu kòtò bí inú àwo. Orúnkún ń dun màámi, ògiri ni wọ́n dì mú gòkè.

Ààfin Bíṣọ́ọ̀bù ní yàrà tó kún fún omi, ìsun omi tí ìlú ti gba orúkọ ẹ̀ sì wà nínú ọgbà ibẹ̀. Wọ́n ń gbowó ìwọlé. Wọ́n ti kọ́ àwọn swan, ẹyẹ funfun ọlọ́rùn gígùn yẹn, láti máa fa okùn agogo bébi bá ń pa wọ́n. Wọn ò fà á lójú wa.

Vicars' Close ni mo ní kẹ́ ẹ lọ gbẹ̀yìn. Láti ọdún 1348 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé àwọn akọrin Kàtídírà sí òpópónà yìí, àwọn akọrin ṣì ń gbé ibẹ̀. Òkè ẹ̀ tóóró ju ìsàlẹ̀ lọ, ìyẹn ló fi máa ń jọ pé ó gùn téèyàn bá dúró nísàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá yíjú padà lókè, ṣe ló máa dà bíi pé ó ti súnkì. Ibẹ̀ la wà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì tí ọkùnrin kan ṣílẹ̀kùn, tó kó ìwé orin sábẹ́ apá, tó sì ń yára lọ síbi ìsìn ìrọ̀lẹ́. A tẹ̀ lé e lọ. Màámi ò gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ orin náà, àmọ́ wọn ò dìde títí wọ́n fi paná.

Ọjọ́rú àti Sátidé ni wọ́n ń ná ọjà ibẹ̀, a ò sì bá a. Tá a bá tún lọ, ọjọ́ Túsìdeè la máa dé.