Òkè Ìdànrè láti Èkó, àlọ àtàbọ̀ ọjọ́ kan: ẹ béèrè amọ̀nà kí ẹ tó sanwó

Omi ọ̀rá kan ṣoṣo ló mú kí n jókòó kọ èyí.

Aago 3:10 ọ̀sán ni, nínú ìlú àtijọ́ tó wà lórí òkè. Ọ̀dọ́kùnrin kan lára àwọn tó ṣètò ìrìn náà ní dandan ni ká lọ sí ìhà òkè Ọrọ̀sùn, torí ó wà nínú ìpolówó wọn, ẹni tó gbé drone wá kò sì tíì ya fídíò tó fẹ́. Ojú ọ̀run ti ń ṣú láti ìlà-oòrùn, afẹ́fẹ́ tútù sì ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá amọ̀nà, ọmọ Ìdànrè tí wọ́n gbà síṣẹ́ lẹ́nu géètì, ní àwọn ò lọ. Ọ̀dọ́kùnrin náà ní, "Bàbá, a ti sanwó fún yín o!" Bàbá ò dá a lóhùn. Ó fi eyín já ọ̀rá omi, ó dà á sórí àpáta, níbi tí ilà dúdú kan gbà sọ̀ kalẹ̀ lára òkúta. Ó ní, "Ọmọ mi, wá fi bàtà rẹ tẹ ibí." Ọmọkùnrin tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ yọ̀, ó sì fìdí lélẹ̀ gbì. "Omi ọ̀rá kan nìyẹn," bàbá ní. "Èyí tó ń bọ̀ yẹn ńkọ́?"

Kò pé ogún ìṣẹ́jú tí òjò fi dé. Abẹ́ òrùlé ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ ló bá gbogbo wa. Bí kì í bá ṣe ti bàbá yìí, orí àpáta gbalasa ni ì bá ti ká wa mọ́, pẹ̀lú mànàmáná.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú omi ọ̀rá yẹn kò sí nínú ìpolówó kankan. Ilà dúdú wọ̀nyẹn ni ọ̀nà tí omi òjò máa ń gbà, ohun tín-ín-rín kan bí ewédò sì máa ń hù síbẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó gbẹ, bàtà á dì í mú. Bí omi bá kàn án báyìí, ilá ni. Ibi tó funfun tàbí tó rí bí eérú, tí hóró òkúta ńláńlá hàn lára rẹ̀, ni kí ẹ máa tẹ̀. Hóró wọ̀nyẹn ló ń di bàtà mú. Ìparí oṣù kẹta la lọ, àkókò tí òjò ìrọ̀lẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá ìlú àtijọ́ lásìkò yẹn gbọ́dọ̀ ti padà kí aago méjì tó lù.

Ìyẹn gan-an ló mú mi bínú. Aago 5:00 àárọ̀ ni wọ́n ní bọ́ọ̀sì máa gbéra ní Ọjọ́ta. A jókòó sínú rẹ̀ títí di 7:20, torí àwọn méjì kan tí kò tíì san owó wọn tán. Láti Èkó gba Orè dé Oǹdó kí a tó dé Ìdànrè, ìrìn wákàtí márùn-ún ni bí ọ̀nà bá dára. Aago 1:05 la dé ìdí òkè. Iye àtẹ̀gùn àti ìtàn ẹsẹ̀ Agbóògùn, ojú ẹsẹ̀ tó wà lára àpáta yẹn, gbogbo yín ló mọ̀ ọ́n, n kò ní tún un sọ. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé àtẹ̀gùn náà kò dọ́gba ní gíga, ẹsẹ̀ kò lè mú ìwọ̀n kan, ìdí nìyẹn tí ó fi ń tètè rẹni. Ní ọ̀sán gangan, òkúta ti gba oòrùn sára, ooru ń ti òkè bọ̀, ó tún ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀. Ike omi 50cl kan ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn mìíràn ti mu tiwọn tán ní ibi ìsinmi kejì. Lítà kan àbọ̀ ni ó kéré jù, méjì ló dáa.

Nípa bàtà, ohun tí wọ́n kọ sí WhatsApp ni "bàtà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn." Irọ́ ni! Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀: rọ́bà tó rọ̀, tó sì ní ilà, ni kí ẹ wọ̀. Sílípáàsì àti bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ, ẹ fi sílé. Ẹ gé èékánná ẹsẹ̀, kí ẹ sì fún okùn bàtà le kí ẹ tó máa sọ̀ kalẹ̀, torí ìsọ̀kalẹ̀ ni ọmọ ìka ẹsẹ̀ máa ń gbá imú bàtà. Lẹ́yìn òjò, ṣe ni bàbá ní kí gbogbo wa yíra sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí á di irin ìdìmú, kí á máa gbé ẹsẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan náà. Orúnkún ẹnikẹ́ni kò dùn ún.

Wọ́n ṣèlérí ọ̀bọ. Ní aago méjì ọ̀sán? Ta ni yóò rí ọ̀bọ? Ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sábà máa ń jáde. Àmọ́ bàbá tún gbà wọ́n là. Ó mú wa lọ síbi tí omi ti ń sun lára àpáta, ó ní ká má tẹ ibẹ̀, ká bẹ̀rẹ̀ wò ó. Légbénlègbé ló lẹ̀ mọ́ ara òkúta, nínú omi tí kò bo èékánná! Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà tí Ìdànrè nìkan la mọ̀ ọ́n mọ́ ní gbogbo ayé, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Sclerophrys perreti. Wọ́n rí i kẹ́yìn ní 1970, kò tún sí ẹni tó rí i mọ́ títí di 2013. Orí àpáta tútù ni ọmọ rẹ̀ ń dàgbà. Bí wọ̀nyí bá jẹ́ tirẹ̀ tàbí ti ọ̀pọ̀lọ́ mìíràn, bàbá kò búra, ìyẹn sì tún jẹ́ kí n gbà á gbọ́ sí i. Ibẹ̀ ni inú mi ti rọ̀. N kò ráhùn mọ́ fún nǹkan bí wákàtí kan.

Iyán tí wọ́n fún wa nísàlẹ̀ gbóná, kò ní kókó, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí rẹ̀ ní ẹja gidi. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ la jẹ ẹ́, oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n pè é. Aago 12:15 òru la padà dé Ọjọ́ta, níbi tí kò ti sí ọkọ̀ mọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. ₦45,000 la san, wọ́n ní owó ìwọlé wà nínú rẹ̀. Lẹ́nu géètì, wọ́n ní kí kálukú tún mú owó ìwọlé wá, àwọn á dá a padà lọ́jọ́ Ajé. Mo ti kọ̀wé sí wọn lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ní ìgbà àkọ́kọ́, "ẹ má bínú, ó ti ń lọ." Ní ìkejì, wọ́n ní kí n tún nọ́ńbà àkántì fi ránṣẹ́. Ní ìkẹta, àwòrán ọwọ́ tó pàdé fún ẹ̀bẹ̀. Ẹ̀kẹrin, wọ́n ti kà á, wọn ò fèsì. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ sun Àkúrẹ́ tàbí Ìdànrè mọ́jú, kí ẹ wà lẹ́nu géètì nígbà tí wọ́n bá ṣí i, kí ẹ sì béèrè amọ̀nà tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀.

Máàkì: 4 nínú 5.