Ọdún mẹ́ta tí mo ti ń fi FIRMS ti NASA ṣọ́ iná àrá lórí òkè

Aago mẹ́fà ìdájí ni mo máa ń ṣí FIRMS, máàpù iná tí NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lásìkò àrá gbígbẹ, kí n tó bọ́jú rárá. Àrá gbígbẹ ni èyí tó ń sán nígbà tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ti lá òjò tán lójú ọ̀run kó tó kanlẹ̀. Mànàmáná nìkan ló ń dé orí igi. Àwọn ìdílé kan ń gbé lẹ́sẹ̀ òkè, igbó ló bo òkè náà, ó sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ débi pé ènìyàn ò lè gùn ún láìfọwọ́ di nǹkan mú. Èmi ni wọ́n fi ṣe aṣọ́nà.

Ọ̀fẹ́ ni FIRMS. Ẹ ṣí i lórí fóònù, máàpù gbogbo ayé á yọ, àmì pupa á sì wà níbi tí sátẹ́láìtì bá ti rí ooru. Ẹ tún lè yan agbègbè tiyín kí wọ́n máa fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì yín. Sátẹ́láìtì mẹ́ta, Suomi NPP, NOAA-20 àti NOAA-21, ló gbé VIIRS, ẹ̀rọ tó ń rí ooru láti òkè, tí mo gbọ́kàn lé jù. Nǹkan bí aago kan ààbọ̀ ọ̀sán àti aago kan ààbọ̀ òru ni wọ́n ń kọjá, kí wákàtí 3 sì tó pé, ohun tí wọ́n rí ti dé orí máàpù. MODIS, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀, náà wà níbẹ̀, àmọ́ àpótí ilẹ̀ tí àmì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún fẹ̀ tó kìlómítà 1, n kì í fi ṣe ìpinnu.

Bí ẹ bá tẹ àmì kan, á sọ aago tí wọ́n rí i, bó ṣe dá wọn lójú tó, àti agbára ooru rẹ̀ ní mẹ́gáwáàtì. Aago UTC, aago àjùmọ̀lò gbogbo ayé, ni o, kì í ṣe ti ara ògiri yín. Mo ti kọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn fóònù mi.

Ibi tó ti máa ń ṣini lọ́nà ni pé àmì náà kì í ṣe ojú ibi tí iná wà gan-an. Àárín àpótí kan ni, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ mítà 375. Lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan. Lórí òkè tiwa, iná lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó kọjú sí wa, ó sì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó kẹ̀yìn sí wa, àmì kan náà ni wọ́n á fi hàn. Bẹ́ẹ̀, iná tó bá wà nísàlẹ̀ ilé ló ń sáré bọ̀, nítorí ọwọ́ iná ń yan ewéko tó wà lókè rẹ̀ gbẹ kó tó débẹ̀. Àwọn panápaná máa ń ṣírò pé bí òkè bá fi dígírì 10 dà sí i, eré iná tó ń gùn ún á di ìlọ́po méjì. Èyí tó wà lókè wa náà kì í ṣe ohun tí à ń sùn lé: ìtì igi tó ń jó á já, á yí wálẹ̀, á tan òmíràn nísàlẹ̀.

Ohun tí mo ṣe rèé. Lórí máàpù bébà mi, sẹ̀ǹtímítà 4 ló dúró fún kìlómítà 1, nítorí náà àpótí yẹn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀. Mo gé páálí kan sí ìwọ̀n yẹn. Mo ń gbé e lé ojú àmì, gbogbo ibi tó bá bọ́ sábẹ́ páálí ni mo sì ń kà sí ibi tí iná lè wà.

Ìrọ̀lẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Láti ọ̀sán títí di òru, VIIRS ò ní padà wá, àsìkò yẹn gan-an ni iná igbó sì ń le jù. Ìkùukùu náà ń dí i lójú.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn àrá kan lọ́dún tó kọjá, àgbàlagbà kan pè mí: "Àbúrò, ṣé ẹ̀rọ yẹn ní kò síná?" Mo ní, "Kò síná, ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Èmi ń gbóòórùn èéfín o." Òótọ́ ló sọ. Àrá ti la igi kan, iná sì ń jẹ inú rẹ̀ jẹ́jẹ́, kò tíì tóbi tó ohun tí sátẹ́láìtì lè rí. Ó lè pamọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Láti ọjọ́ náà, n kì í sọ pé "kò síná" mọ́. "Sátẹ́láìtì ò tíì rí nǹkan" ni mò ń sọ, mo sì ń béèrè ohun tí imú wọn gbọ́.

Lọ́jọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2021, àrá dá iná Tamarack sílẹ̀ láàárín òkè àti àpáta ní Alpine County, Kalifọ́níà. Kò tó éékà kan, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ láti òkèèrè. Lọ́jọ́ 16, atẹ́gùn gbé e. Ó jó ju 68,000 éékà lọ, ó sì wọ Nevada. N kò ní bá ẹnikẹ́ni wí pé kò tètè rán ọmọlọ́mọ lọ sí ibi tí kò ti ní lè sá. Àmọ́ bí wọ́n bá ní àwọn ń ṣọ́ iná kan, ọjọ́ náà gan-an ló yẹ kí ará ìsàlẹ̀ ti mọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbà jáde. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Lọ́dún 1991, Paul Gleason, ọ̀gá panápaná igbó ní Amẹ́ríkà, to nǹkan mẹ́rin lẹ́sẹẹsẹ fún àwọn tó ń bá iná jà: aṣọ́nà, ìbánisọ̀rọ̀, ọ̀nà àsálà, ibi ààbò. Mo gbà á lò fún àwọn ìdílé wa. Apá kan nínú aṣọ́nà ni FIRMS, kò kan mẹ́ta yòókù rárá, nítorí náà ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún un. Nọ́ńbà fóònù tí gbogbo wa fi ń pera wa, ọ̀nà méjì tí kò gba inú àfonífojì kan náà, pápá gbalasa tí a ti kó ewé gbígbẹ kúrò níbẹ̀: ìwọ̀nyẹn, a fọwọ́ ara wa ṣe é.

Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa lò ó lẹ́yìn àrá, ẹ ní kí máàpù fi àmì ọjọ́ 7 sẹ́yìn hàn, ẹ má fi mọ sí wákàtí 24. Iná àrá lè yọjú lóru ọjọ́ kan, kó tún wọlé lọ, kó tó wá jáde lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú.