Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn tó ń ran abiyamọ lọ́wọ́ ní Kubwa: bó ṣe rí lára mi

Ìwé ìkọ̀wé tí wọ́n pín fún wa lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ló bí mi nínú. Àwòrán agolo mílíìkì ọmọ ọwọ́ ló wà lẹ́yìn rẹ̀, gàdàgbà. Níbi tí a ti wá kọ́ bí a ó ṣe ran ìyálọ́mọ lọ́wọ́ láti fún ọmọ lọ́yàn! Láti 1981 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbé ìlànà kalẹ̀ pé kí àwọn tó ń ta mílíìkì yìí má ṣe polówó rẹ̀ fún aráàlú.

Mo gbé ìwé náà lọ bá ọ̀gbẹ́ni tó ń kọ orúkọ. Ó ní, "Àǹtí, ìwé lásán ni, ẹ ṣáà máa kọ nǹkan sí i." Mo ní ta ló gbé e wá? Ó ní onígbọ̀wọ́ ni. Mo ní ta ló gba onígbọ̀wọ́ náà láàyè? Ó tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀, kò dá mi lóhùn mọ́. Mo gbé báàgì mi, ó di ọ̀nà ilé.

Ẹnu ọ̀nà ni Màmá tó ń kọ́ wa ti pàdé mi, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n gba ìwé náà, wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, wọ́n wọlé. Wọn ò pariwo. Wọ́n ń ti orí tábìlì kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n ń kó o jọ, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ lé ọ̀gbẹ́ni yẹn lọ́wọ́ lójú wa: "Ọmọ mi, lọ dá a padà fún ẹni tó ni ín." Owó ara wọn ni wọ́n fi ra òmíràn fún wa.

Mo jókòó padà. Hà, Màmá yìí mọ iṣẹ́! Bèbí àti ọmú tí wọ́n fi ìbọ̀sẹ̀ rán ni wọ́n fi kọ́ wa: kí ẹnu ọmọ là gbàgà, kí àgbọ̀n rẹ̀ kan ọmú, kí ètè ìsàlẹ̀ yí síta. Bó bá jẹ́ orí ọmú nìkan ló wà lẹ́nu ọmọ, ìyá á máa jẹ̀rora, ọmọ ò sì ní yó.

Ọ̀rọ̀ omi ló gba àkókò jù. Nínú ooru Abuja, ta ló fẹ́ gbọ́ pé kí ọmọ má mu omi fún oṣù mẹ́fà? Ìwádìí ìjọba ti 2018 fi hàn pé nínú ọmọ 100 tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, bíi 29 ló ń mu ọmú nìkan. Màmá ní kí ẹnì kan nínú wa ṣe ìyá ọkọ, kí ẹlòmíràn lọ bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "kò dára" á tún un ṣe. Ẹ kọ́kọ́ kí wọn kú ewu ọmọ, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí lára ọmọ, kí ẹ tó sọ pé omi ló pọ̀ jù nínú ọmú fúnra rẹ̀, ó lé ní 85 nínú 100.

Ní wọ́ọ̀dù, a bá ìyàwó kékeré kan tó bímọ ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ọmú rẹ̀ le bí òkúta, ó ń sunkún. Màmá tọrọ àyè kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n fi aṣọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lé e, wọ́n kọ́ ọ bí yóò ṣe fọwọ́ fún díẹ̀ jáde kí ó lè rọ̀. Ọmọ gbá a mú. Gbogbo wa ń gbọ́ bó ṣe ń gbé e mì.

Owó ọkọ̀ tí wọ́n ṣèlérí kò tíì dé títí di òní. Bí mo bá pe ọ̀gbẹ́ni yẹn, á ní ó di ọjọ́ Ajé.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Àbúrò mi obìnrin ti gba fọ́ọ̀mù ti àwọn tó ń bọ̀, èmi ni mo ní kó lọ gbà á.