Death and the King's Horseman: Ẹnu Ẹlẹ́ṣin Yá Ju Ọwọ́ Rẹ̀ Lọ

Owó tí mo fi ra ìwé eré onítàn Wole Soyinka yìí kò dùn mí rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé pẹlẹbẹ ni, ìran márùn-ún péré. Ọdún 1975 ni ó jáde, ìṣẹ̀lẹ̀ Ọ̀yọ́ kan láyé ìjọba òyìnbó ni ó sì dá lé: ọba wàjà, ó di dandan kí Ẹlẹ́ṣin, ìjòyè ẹṣin ọba, kú kí ó lè bá a lọ.

Ní ìran kìíní, Ẹlẹ́ṣin wọ ọjà tijótijó, ó ń sọ ìtàn ẹyẹ kan tó ń ké pé "Èmi kọ́" bí ikú bá ń pe èèyàn. Àgbẹ̀ gbọ́ ọ, ó fi ìka yí orí ká. Ọdẹ gbọ́ ọ, ó ní epo ti tán nínú àtùpà òun. Ẹlẹ́ṣin nìkan ni kò sá fún un. Kò tíì yangàn tán tí ojú rẹ̀ fi bọ́ sára ọmọge kan, àfẹ́sọ́nà ọmọ Ìyálọ́jà, ló bá ní irúgbìn ara òun kò gbọdọ̀ ṣòfò. Mo pa ìwé dé níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, nítorí ìfẹ́ ara ló ṣáájú, èrò wá ń sáré tẹ̀lé e láti dá a láṣọ.

Ìran kejì kò tó bẹ́ẹ̀ lójú mi. Pilkings, òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè náà, àti aya rẹ̀ nínú ẹ̀kú egúngún pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú ọkùnrin náà kò jìn. Ẹ má sì fo ọ̀rọ̀ ìṣáájú, níbi tí òǹkọ̀wé ti kìlọ̀ pé ọ̀ràn òyìnbó kọ́ ni kókó eré náà.

Ìran karùn-ún ló fìdí èyí múlẹ̀. Pilkings ti mú Ẹlẹ́ṣin kí ó má baà kú; pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́, ó jẹ́wọ́ fún ìyàwó tuntun náà pé òyìnbó ni òun kọ́kọ́ dá lẹ́bi, lẹ́yìn náà àwọn òrìṣà, ó sì kù díẹ̀ kí òun dá ìyàwó náà lẹ́bi. Àròjinlẹ̀ gidi nìyí, àmọ́ ìgbà tí kò sí ohun tí ó lè fi ṣe mọ́ ni ó dé. Olúńdé ọmọ rẹ̀, tó ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn nílẹ̀ òyìnbó, ti kú rọ́pò rẹ̀ láìpariwo. Nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ kúrò lára òkú náà, Ẹlẹ́ṣin kò sọ gbólóhùn kan. Ó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn kí ẹnikẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyálọ́jà ní ó ti wọ ọ̀nà náà nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ọmọ ni yóò jẹ ẹran níbẹ̀, eegun ni yóò jù sí baba.